Bí A Ṣe Ń Yan Crumble Èso Kékeré Tí Kò Ní Gluten Nígbà Ìwọ́wé

Crumble jẹ́ oúnjẹ dídùn tí kò ní ìdíjú nínú: a ó gé èso sínú abọ́, a ó fi èérún tí a fi ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ṣúgà ṣe bò ó lórí, a ó sì yan án nínú ọ́fùnù títí omi èso yóò fi máa hó lẹ́bàá abọ́, tí èérún òkè yóò sì pọ́n, tí yóò gbẹ, tí yóò máa dún kẹ́kẹ́ lábẹ́ ṣíbí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í díwọ̀n bọ́tà àti ṣúgà fún ìdílé kọ̀ọ̀kan láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1940, ó bá ipò àwọn ènìyàn mu, nítorí pé èérún kì í gba ọ̀rá tó èyí tí páì máa ń gbà, kò sì béèrè fún ọgbọ́n ọwọ́ tí a fi ń tẹ́ ìyẹ̀fun pípò pẹrẹsẹ.

Ìgbà ìwọ́wé ni ó yẹ ẹ́ jù. Láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kọkànlá ní apá àríwá ayé, àti láti oṣù kẹta dé oṣù karùn-ún ní apá gúúsù, ápù àti pear máa ń gbó lórí igi, plum àti blackberry a sì máa wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò náà. Èso tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí igi máa ń ní adùn àti kíkan papọ̀. Kíkan yẹn gan-an ni crumble nílò, nítorí pé bí èso kò bá ní in, ṣúgà àti bọ́tà tó wà lókè yóò bo adùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Abọ́ kékeré tó tó ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé. Ọjọ́ tí a bá yan crumble ni ó máa ń dùn jù, nítorí náà ó sàn kí a yan ìwọ̀n tí a ó jẹ tán ju kí a yan àwo ńlá tí èérún rẹ̀ yóò rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìdí tí crumble kò fi nílò gluten

Gluten ni purotéènì tó wà nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ọkà ráì. Nígbà tí omi bá kan ìyẹ̀fun àlìkámà tí a sì ń pò ó, purotéènì náà á so kọ́ra, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, fífà yìí ni ó sì ń dá afẹ́fẹ́ dúró sínú búrẹ́dì kí ó lè wú. Ẹni tó bá fẹ́ yan búrẹ́dì láìsí gluten ní iṣẹ́ ńlá níwájú, torí pé ó ní láti wá ohun mìíràn tí yóò ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ èérún kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń wá nínú èérún ni kí ó rún, kí ó má fà, kí ó má sì le. Kódà ẹni tó ń fi ìyẹ̀fun àlìkámà ṣe é ń sá fún gluten: ìdí nìyẹn tí kì í fi í da omi sí i, tó fi ń lo bọ́tà tútù, tó sì fi ń fi orí ìka nìkan rún un ní kíákíá. Ọ̀rá bọ́tà yóò yí hóró ìyẹ̀fun ká, omi kò ní ráyè wọlé, gluten kò sì ní ráyè so. Nítorí náà, ẹni tó ń yan crumble tí kò ní gluten kò pàdánù ohunkóhun tí oúnjẹ náà gbára lé, kò sì sí ìdí tí yóò fi lọ ra xanthan gum tàbí ohun mìíràn tí ń mú ìyẹ̀fun lẹ̀ pọ̀. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ ìlànà ń ṣe bí ẹni pé nǹkan tó bàjẹ́ ni a ń tún ṣe, bẹ́ẹ̀ sì ni kò bàjẹ́. Ohun tó yẹ kí a kọ́ ni ìwà ìyẹ̀fun kọ̀ọ̀kan: èyí tó máa ń ṣe bí iyanrìn lábẹ́ eyín, èyí tó ń yára pọ́n, àti èyí tó ń mu omi lámujù.

Ìmọ́tótó ibi iṣẹ́

Àwọn kan ń yẹra fún gluten nítorí pé inú wọn kò gbà á dáadáa. Àwọn mìíràn ní àìsàn celiac, ọ̀rọ̀ tiwọn sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lára ẹni tó ní celiac, gluten ń mú kí agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kọjú ìjà sí ìfun kékeré fúnra rẹ̀, ó sì ń ba awọ inú ìfun tó ń gba èròjà oúnjẹ sára jẹ́. Yíyẹra fún gluten pátápátá, títí ayé, ni ìtọ́jú rẹ̀. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ gbé crumble fún bá wà lára wọn, ìmọ́tótó ibi iṣẹ́ yín ṣe pàtàkì ju adùn oúnjẹ náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ wò ó. Ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, òfin gbà kí wọ́n kọ «gluten-free» sára oúnjẹ bí gluten inú rẹ̀ kò bá kọjá nǹkan bíi mílígíráàmù 20 nínú kílógíráàmù kan. Crumble tí a fẹ́ yan yìí yóò wọn nǹkan bíi gíráàmù 650, èyí tó fi hàn pé mílígíráàmù 13 ni gbèdéke tirẹ̀. Ìyẹ̀fun àlìkámà tí kò ju ìdá kan nínú márùn-ún gíráàmù kan lọ ti tó láti gbé e kọjá ibẹ̀. Ìwọ̀n yẹn lè lẹ̀ mọ́ ojú asẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

Nítorí náà, ẹ má lo asẹ́ tí ẹ ti fi jọ̀ ìyẹ̀fun àlìkámà rí, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó, nítorí pé ojú rẹ̀ kéré ju ohun tí kànrìnkàn lè wọ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣíbí onígi àti pákó ìgẹ́fọ̀ọ́ tó ti sán: ẹ lo irin tàbí abọ́ dígí dípò wọn. Ẹ ṣí bọ́tà tuntun, nítorí pé èyí tó wà lórí tábìlì ti sábà máa ń ní èérún búrẹ́dì tí ọ̀bẹ gbé wọ inú rẹ̀. Ẹ wo inú agolo ṣúgà pẹ̀lú, bóyá ṣíbí tó kan ìyẹ̀fun ti wọ̀ ọ́ rí. Bí ẹnì kan bá sì ti pò ìyẹ̀fun àlìkámà nínú ilé ìdáná lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì, kí ẹ nu gbogbo ojú ibi iṣẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìyẹ̀fun a máa rà bàbà nínú afẹ́fẹ́ kí ó tó balẹ̀.

Ẹ ka ara páálí ohun gbogbo tí ẹ bá rà. Àwọn èròjà olóòórùn dídùn tí wọ́n ti lọ̀ pọ̀ mọ́ra, kọ́sítáàdì oníyẹ̀fun àti àwọn báékìn páúdà kan lè ní ìyẹ̀fun àlìkámà nínú. Crumble yìí kò lo báékìn páúdà rárá, ó dín ohun kan kù nínú ohun tí a ní láti yẹ̀ wò.

Yíyan ìyẹ̀fun

Apá yìí ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ sí jù, nítorí pé ìyẹ̀fun kan ṣoṣo kì í sábà ṣe èérún tó dára bí kò bá ní alábàáṣe.

Ìyẹ̀fun ìrẹsì funfun ni mo fi ń ṣe ìpìlẹ̀. Kò ní adùn tó ń bá èso jà, ó sì máa ń gbẹ dáadáa nínú ọ́fùnù tí èérún yóò fi dún lẹ́nu. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni iyanrìn tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Hóró ìrẹsì le, kì í sì í tètè mu omi, nítorí náà bí wọn kò bá lọ̀ ọ́ kúnná, eyín yóò mọ̀ ọ́n. Ohun méjì ni ó ń wo èyí sàn: kí ẹ ra èyí tó kúnná jù lọ, kí ẹ pa á láàárín ìka méjì wò bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí èérún sinmi nínú fíríìjì kí ẹ tó yan án. Nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́fà bọ́tà ni omi, omi díẹ̀ yìí ni ó ń rọ hóró ìrẹsì nígbà ìsinmi náà.

Álímọ́ńdì lílọ̀ ni èkejì. Ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀, ó tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀, ọ̀rá yẹn ni ó sì ń jẹ́ kí èérún lẹ̀ mọ́ra wọn díẹ̀díẹ̀ kí ó má bàa jẹ́ eruku lásán. Ó tún ń fún èérún ní òórùn dídùn nígbà tó bá ń pọ́n. Àmọ́ ó ń yára pọ́n ju ìrẹsì lọ, nítorí náà bí ẹ bá pọ̀ ọ́ jù, òkè yóò jó kí èso tó rọ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ohun gbígbẹ ti tó. Fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba álímọ́ńdì, ẹ fi ìyẹ̀fun ọkà bàbà rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì fi gíráàmù bọ́tà márùn-ún kún un láti dí àlàfo ọ̀rá tó lọ.

Óòtì ni ẹ̀kẹta, òun ni ó sì nílò ìṣọ́ra jù. Óòtì fúnra rẹ̀ kò ní irú gluten tó wà nínú àlìkámà, ṣùgbọ́n lóko, nínú ọkọ̀ ìkẹ́rù àti nínú ẹ̀rọ ìlọ̀ ni ó ti ń dà pọ̀ mọ́ àlìkámà àti báálì, débi pé óòtì ọjà lásán kò ṣeé fọkàn tán. Èyí tí wọ́n kọ «gluten-free» sí lára nìkan ni kí ẹ lò. Kódà bẹ́ẹ̀ náà, àwọn díẹ̀ lára àwọn tó ní celiac kì í lè jẹ óòtì tó mọ́ pàápàá, nítorí purotéènì kan tí ó ń jẹ́ avenin. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ń yan án fún kí ẹ tó fi sí i. Bí kò bá jẹ óòtì, ẹ fi ìyẹ̀fun ọkà bàbà tàbí èso álímọ́ńdì tí ẹ fi ọ̀bẹ gé wẹ́wẹ́ dí àyè rẹ̀.

Ọkà bàbà lílọ̀ dára púpọ̀, adùn rẹ̀ gbóná díẹ̀, ó sì bá ápù mu. Ìyẹ̀fun buckwheat náà kò ní gluten, kì í ṣe ìdílé àlìkámà rárá, ìbátan ewébẹ̀ tí wọ́n ń pè ní rhubarb ni. Àmọ́ adùn rẹ̀ lágbára, ó sì dúdú, nítorí náà plum ni ó yẹ, kí ìwọ̀n rẹ̀ má sì kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta ìyẹ̀fun. Ìyẹ̀fun àgbọn ni mo rọ̀ yín kí ẹ fi sílẹ̀ níbí. Ó ń mu omi àti ọ̀rá ju gbogbo àwọn yòókù lọ, èérún rẹ̀ yóò sì gbẹ fúúfúú lẹ́nu. Ìyẹ̀fun àpòpọ̀ tí ilé iṣẹ́ ti ṣe sínú àpò náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n sítáṣì inú rẹ̀ sábà máa ń pọ̀, ó sì ń mú kí èérún le dípò kí ó rún. Bí òun nìkan ni ó bá wà nílé, ẹ ṣì fi álímọ́ńdì lílọ̀ sí i.

Yíyan èso

Ẹ̀yà ápù kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe ń ṣe nínú ooru. Bramley, tí igi rẹ̀ àkọ́kọ́ hù láti inú kóró tí ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Ann Brailsford gbìn ní Southwell, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1809, kan gan-an, ó sì máa ń fọ́ di ìrọ̀rùn pátápátá bí ó bá jinná. Granny Smith, tó wá láti Ọsirélíà, kan pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró bí a ṣe gé e. Braeburn àti Cox wà láàárín, adùn wọn sì pọ̀ ju kíkan wọn lọ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí a pò méjì pọ̀: ìdajì ápù tó ń fọ́, ìdajì èyí tó ń dúró, kí èyí tó fọ́ di ọbẹ̀ yí èyí tó dúró ká. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan péré, ẹ mú èyí tó kan.

Blackberry díẹ̀ nínú ápù dára púpọ̀ fún àwọ̀ àti fún kíkan. Plum dùn, àmọ́ omi rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo plum nìkan, sítáṣì rẹ̀ gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì. Pear tó ti rọ̀ jù yóò di omi, nítorí náà ẹ mú èyí tó ṣì le díẹ̀ nígbà tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn rẹ̀, kí ẹ sì fi omi lẹ́mọ́ọ̀nù kún un nítorí pé kò ní kíkan tó. Quince ní òórùn tó wuni jọjọ, ṣùgbọ́n ó le débi pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sè é nínú omi àti ṣúgà títí yóò fi rọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èérún yóò jó lé e lórí.

Ìwọ̀n

Ẹ fi òṣùwọ̀n wọn ohun gbogbo, ẹ má fi ife wọn ọ́n. Ife ìyẹ̀fun ìrẹsì kan wúwo ju ife álímọ́ńdì lílọ̀ kan lọ dáadáa, ẹni tó bá sì fi ọ̀kan rọ́pò èkejì ní ife-sí-ife yóò rí i pé bọ́tà ti pọ̀ jù tàbí kéré jù.

Abọ́ tí yóò gbà á ni èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, tó sì jìn tó 5 tàbí 6, kí ó jẹ́ amọ̀ tàbí dígí tó ń gba ooru. Fún ìsàlẹ̀, ẹ ó nílò gíráàmù 350 ápù tí ẹ ti bó, tí ẹ sì ti yọ inú rẹ̀, gíráàmù 80 blackberry, gíráàmù 25 ṣúgà, ṣíbí ìmutíì kan sítáṣì àgbàdo, ṣíbí ìmutíì méjì omi lẹ́mọ́ọ̀nù, àti sínámọ́nì tó kún ìdajì ṣíbí ìmutíì. Fún èérún, ẹ ó nílò gíráàmù 50 ìyẹ̀fun ìrẹsì, gíráàmù 25 álímọ́ńdì lílọ̀, gíráàmù 25 óòtì, gíráàmù 40 ṣúgà aláwọ̀ ilẹ̀ tí hóró rẹ̀ tóbi, gíráàmù 45 bọ́tà tútù, àti iyọ̀ tí ìka méjì lè mú. Ẹ má yọ iyọ̀ náà sílẹ̀, nítorí pé adùn èérún yóò tẹ́ láìsí i.

Ṣíṣe èérún

Ẹ ṣe èérún ṣáájú èso, kí ó lè ráyè sinmi. Ẹ gé bọ́tà tútù sí ègé tó tó ẹ̀wà, kí ẹ dá a padà sínú fíríìjì nígbà tí ẹ bá ń wọn ìyẹ̀fun. Ẹ po ìyẹ̀fun ìrẹsì, álímọ́ńdì àti iyọ̀ pọ̀ nínú abọ́ fífẹ̀, ẹ fi ọwọ́ fọ́ ibi tí álímọ́ńdì bá ti dì, lẹ́yìn náà ẹ da bọ́tà sí i, kí ẹ yí i nínú ìyẹ̀fun títí gbogbo ègé yóò fi funfun.

Ẹ wá fi orí ìka àti àtàǹpàkò mú ègé bọ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ fi àtàǹpàkò yí i kọjá lórí ìka títí yóò fi bọ́ padà sínú abọ́. Ẹ máa gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ kí ó máa já bọ́ láti òkè, èyí ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tutù kàn án. Àtẹ́lẹwọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, nítorí pé ó gbóná ju orí ìka lọ, bọ́tà yóò sì yọ́. Bí ẹ bá ti rí i pé ìyẹ̀fun kò funfun mọ́, tó ti ní àwọ̀ ìpara díẹ̀, tí kò sì fò bí eruku mọ́ nígbà tí ẹ bá mi abọ́, ó ti ń súnmọ́ tòsí. Ègé bọ́tà bíi mélòó kan tó ṣì hàn kò burú.

Ní àkókò yìí ni kí ẹ da ṣúgà àti óòtì sí i, kí ẹ fi fọ́ọ̀kì po wọ́n. Ṣúgà tó bá wọlé lẹ́yìn bọ́tà kì í yọ́ pátápátá, hóró rẹ̀ yóò sì ṣẹ́kù láti dún lẹ́nu.

Níbí ni èérún aláìní-gluten ti yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àlìkámà: kì í dá dì fúnra rẹ̀. Ẹ bu ìkúnwọ́ kan, ẹ fún un mọ́ra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì fọ́ ọ sí ègé tí kò dọ́gba, àwọn kan bí ẹ̀wà, àwọn kan bí èékánná. Ẹ ṣe ìdajì rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi ìdajì yòókù sílẹ̀ ní wẹ́wẹ́. Bí kò bá dì rárá, ẹ wọ́n omi tútù tí kò ju ṣíbí ìmutíì kan lọ sí i, kí ẹ tún fún un wò. Lẹ́yìn náà ẹ bò ó, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ẹni tó bá fo ìsinmi yìí yóò rí i pé bọ́tà ṣàn kúrò nínú èérún kí ìyẹ̀fun tó dì, tí òkè yóò sì di pẹrẹsẹ dípò gbágungbàgun.

Èso àti yíyan

Ẹ tan ọ́fùnù sí 190 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tàbí 170 bí ó bá ní fáànù, kí ó gbóná dáadáa kí crumble tó wọ̀ ọ́. Nígbà tó bá ń gbóná, ẹ bó ápù, ẹ yọ inú rẹ̀. Ẹ gé èyí tó máa ń dúró sí ègé sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀, kí ẹ sì gé èyí tó máa ń fọ́ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n lè jinná papọ̀. Ìgékúgèé máa ń hàn nínú abọ́ kékeré ju ti ńlá lọ: èérún yóò ti pọ́n ní nǹkan bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bí ápù bá sì wà ní kùkùté, yóò ṣì le nínú.

Ẹ da omi lẹ́mọ́ọ̀nù sí ápù. Ẹ po ṣúgà, sítáṣì àti sínámọ́nì pọ̀ ní gbígbẹ kí sítáṣì má bàa dì sójú kan, ẹ wọ́n ọn sórí ápù, kí ẹ yí i títí ègé kọ̀ọ̀kan yóò fi rí tirẹ̀ gbà. Ẹ wá fi blackberry sí i ní ìparí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀ sínú abọ́, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí àlàfo má pọ̀, kí ẹ sì rí i pé ó kù sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀ sí ẹnu abọ́.

Ẹ wọ́n èérún tútù náà lé e lórí, láti etí wá sí àárín. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín èérún ni ooru tó ń jáde láti ara èso yóò gbà kọjá. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ooru náà yóò há sísàlẹ̀, yóò sì sọ èérún di èkọ lábẹ́. Ẹ gbé abọ́ náà sórí àwo yíyan kan tó mọ́, nítorí omi èso tó lè kún dà sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e sí àárín ọ́fùnù.

Ẹ yan án fún ìṣẹ́jú 35. Ẹ yọjú wò ó ní ìṣẹ́jú 20. Bí òkè bá ti ń pọ́n jù, ẹ fi fọ́ìlì bò ó láìdì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Aago nìkan kọ́ ni kí ẹ gbára lé. Omi èso gbọ́dọ̀ máa hó lẹ́bàá abọ́ yíká, kì í ṣe ní ìhà kan ṣoṣo, kí ó sì ti hó fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, nítorí pé sítáṣì kì í ki títí ooru rẹ̀ yóò fi súnmọ́ ti omi híhó. Bí omi tó ń yọ bá ṣì funfun bíi ti wàrà, sítáṣì kò tíì jinná. Bí ó bá ti mọ́ gaara tó sì ń dán, ó ti jinná. Ẹ fi ọ̀bẹ tó mú gún àárín: ó gbọ́dọ̀ wọ ápù láìsí ìjà.

Ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ má fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 15. Mo mọ̀ pé òórùn rẹ̀ kò ní jẹ́ kí èyí rọrùn, ṣùgbọ́n àkókò yìí ni omi èso ń ki, tí èérún sì ń le. Èérún aláìní-gluten máa ń rọ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹni tó bá sì bù ú lójú ẹsẹ̀ yóò rò pé kò jinná.

Bí kò bá rí bó ṣe yẹ

Bí èérún bá gbẹ lókè ṣùgbọ́n tó tutù kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nísàlẹ̀, omi èso ni ó pọ̀ jù. Ẹ fi ìdajì ṣíbí sítáṣì kún un nígbà mìíràn, pàápàá bí blackberry bá ti inú fírísà wá. Bí ọ̀rá bá léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, bọ́tà ti gbóná kí ó tó wọ ọ́fùnù, tàbí ọ́fùnù kò tíì gbóná tó. Bí ó bá ṣe bí iyanrìn lẹ́nu, ẹ wá ìyẹ̀fun ìrẹsì tó kúnná jù bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí èérún sinmi fún wákàtí kan dípò ogún ìṣẹ́jú. Bí ó bá le gbagidi, ṣúgà ni ó pọ̀ jù.

Bíbù àti títọ́jú

Áísìkiriìmù, wàrà dídì tàbí kọ́sítáàdì ni wọ́n sábà máa ń fi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ ka ara páálí tiwọn náà, nítorí pé ohun tí a fi sí ẹ̀gbẹ́ lè ba iṣẹ́ ọ̀sán odindi jẹ́ fún ẹni tó ní celiac. Kí crumble ní ṣíbí ìbùjẹ tirẹ̀, bí oúnjẹ dídùn mìíràn tó ní àlìkámà bá wà lórí tábìlì kan náà.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ bò ó, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì. Kí ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Inú ọ́fùnù ni kí ẹ ti gbé e gbóná, ní 160 fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú 15, láìbò ó, kí èérún lè tún gbẹ. Máíkíróweefù yóò mú un gbóná, ṣùgbọ́n yóò sọ òkè rẹ̀ di rírọ̀.

Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ó tún yan án kí ìgbà ìwọ́wé tó parí, ẹ ṣe èérún ní ìlọ́po mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wọn gíráàmù 185 sínú àpò ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ «kò ní gluten» àti ọjọ́ sí i lára, kí ẹ kó o sínú fírísà, níbi tí yóò ti dára fún oṣù mẹ́ta. Ẹ má yọ́ ọ kí ẹ tó lò ó: ẹ da á ní dídì sórí èso, kí ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún àkókò yíyan.